Gbohùngbohùn Lórí Okùn: Àyẹ̀wò Ẹ̀rọ Tí Ń Dá Ohùn Padà

Kò sí ẹni tí a bí sí ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ gbohùngbohùn. Ọmọ tí ó bá kígbe níwájú àpáta, tàbí nínú ilé ìsìn tí ènìyàn kò tí ì kún inú rẹ̀, yóò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tí ó padà wá bá a. Ẹ̀rù a kọ́kọ́ bà á, lẹ́yìn náà a sì máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tí ì rò ni pé gbohùngbohùn yìí lè di ìlù, àti pé ẹnìkan ṣoṣo tí ó bá mọ ìwọ̀n àkókò tí ohùn fi ń lọ tí ó fi ń bọ̀ lè fi ohùn ara rẹ̀ ṣe ẹlẹgbẹ́, kí orin rẹ̀ sì dà bí ẹni pé ènìyàn mẹ́ta ni ó ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Àwọn ọ̀dọ́ olórin tí ó yí wa ká ní Onígbòǹgbò, àti ní gbogbo agbègbè Ìkẹjà títí dé Agége, ń lo ẹ̀rọ yìí. Àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ilé-ìwé wa nígbà kan rí. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa ń bèèrè bóyá kí a yìn wọ́n ni tàbí kí a bá wọn wí, a kò sì lè ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì bí a kò bá kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe.

Ohùn a máa rin nǹkan bí mítà 343 nínú afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ògiri bá jìnnà sí wa ní mítà 17, tí a sì pàtẹ́wọ́, ìró náà yóò lọ, yóò sì bọ̀, ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Bí a bá fẹ́ kí ó pẹ́ tó ìṣẹ́jú-àáyá kan gbáko kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ògiri náà gbọ́dọ̀ jìnnà ju mítà 170 lọ, ìró tí yóò sì ti ibẹ̀ padà yóò ti rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí etí kò ní lè mú un dáradára. Nígbà tí téèpù dé, àwọn ènìyàn rí ọ̀nà mìíràn. Bí orí kan bá tẹ ohùn sí ara téèpù, tí orí kejì sì wà níwájú díẹ̀ láti kà á jáde, ohùn náà yóò pẹ́ ní ìwọ̀n àkókò tí téèpù fi rìn láti orí kìíní dé orí kejì. Téèpù tí ń rin sẹ̀ǹtímítà 19 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí orí méjèèjì bá jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 19, yóò dá ohùn padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohùn náà yóò sì ṣe ketekete bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ wa ni ẹni tí ó ń sọ ọ́ jókòó sí. Báyìí ni Echoplex ti Amẹ́ríkà ṣe ń ṣiṣẹ́ láti nǹkan bí ọdún 1959, bẹ́ẹ̀ náà sì ni Space Echo tí ilé-iṣẹ́ Roland ti Japan gbé jáde ní ọdún 1974. Lónìí, téèpù kò sí nínú ọ̀pọ̀ wọn mọ́. A ń sọ ohùn di nọ́ńbà, a sì ń pa á mọ́ títí àkókò rẹ̀ yóò fi pé. Àpótí náà kò ju ìwé orin ìsìn kan lọ ní títóbi, ẹsẹ̀ ni a sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn olórin ń pè é ní ẹ́kò tàbí díléè.

Ohun mẹ́ta ni ó wà ní ìkáwọ́ ẹni tí ń lò ó: bí ohùn yóò ti pẹ́ tó kí ó tó padà, iye ìgbà tí yóò padà, àti bí yóò ti le tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn àkọ́kọ́. Méjì ìkẹyìn rọrùn. Ti àkọ́kọ́ ni a fi ń mọ olórin yàtọ̀ sí ẹni tí ó kàn ń ṣeré.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa okùn. Èdè wa ti pín ohun èlò orin gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí a gbà ń mú wọn fọhùn: a ń lu ìlù, a ń fọn fèrè, a ń tẹ dùùrù, a sì ń ta gìtá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1969, Emmett Chapman, olórin kan ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ọwọ́ méjèèjì lu okùn gìtá mọ́ ọrùn rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún láti òkè, ọwọ́ òsì láti ìsàlẹ̀, dípò kí ó máa ta á. Ní ọdún 1974 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun èlò tí ó ṣe fún iṣẹ́ náà fún gbogbo ènìyàn, tí a ń pè ní Chapman Stick. Okùn mẹ́wàá ni ó ní: márùn-ún fún ohùn òkè, márùn-ún fún ohùn ìsàlẹ̀. Kò ní ikùn bí ti gìtá. Pákó gbọọrọ kan ni, tí a fi bẹ́líìtì àti okùn èjìká so mọ́ ara ní ìnàró. Chapman kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Bí a bá bi ọmọ Yorùbá léèrè bóyá ó yẹ kí a sọ pé a ń lu Stick ni tàbí pé a ń tẹ̀ ẹ́, èmi kò mọ èyí tí yóò mú, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé kò ní sọ pé a ń ta á. Ohun èlò náà kò pọ̀ ní ọwọ́ àwọn olórin wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe irú rẹ̀ lórí gìtá lásán. Ẹni tí ó bá ti rí bí a ti ń fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ agídìgbo, tí ọwọ́ kan kò dúró de èkejì, kò ní rí ohun àjèjì nínú ọ̀nà yìí.

Kí ni ó dé tí okùn tí a ń fi ìka lù fi bá ẹ̀rọ adáhùnpadà mu ju okùn tí a ń ta lọ? Ìdí kan ni pé okùn tí a lù ń fọhùn níwọ̀n ìgbà tí ìka bá wà lórí rẹ̀ nìkan. Bí ìka bá kúrò, ohùn tán. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mú ṣáṣá, òpin rẹ̀ sì wà ní ọwọ́ olórin. Ohùn tí ó gùn tí ó ń fa ìrù lẹ́yìn, bí a bá dá a padà, yóò dàpọ̀ mọ́ èyí tí ó tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ yóò sì di ariwo bí ti ọjà. Ṣùgbọ́n ohùn kúkúrú fi àyè sílẹ̀ fún èyí tí ń bọ̀. Ìdí kejì ni pé Stick ní ojú ọ̀nà méjì tí ohùn rẹ̀ ń gbà jáde, ọ̀kan fún okùn òkè, ọ̀kan fún okùn ìsàlẹ̀. Olórin tí ó gbọ́n a máa fi ẹ̀rọ sí ti òkè nìkan, a sì fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ ní gbígbẹ. Mo ti gbọ́ àwọn tí ó fi ẹ̀rọ sí méjèèjì, n kò sì mọ ibi tí ilẹ̀ orin wọn wà tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò hàn án, nítorí pé àwọn ọmọ ilé-ìwé lè ṣe é lórí tábìlì. Ká pín ìṣísẹ̀ orin kọ̀ọ̀kan sí kíkà mẹ́rin: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Kí olórin máa lu okùn ní ení àti ní ẹ̀ta nìkan, kí ó sì fi ẹ̀rọ sí kíkà mẹ́ta. Ohun tí ó lù ní ení yóò padà ní ẹ̀rin; ohun tí ó lù ní ẹ̀ta yóò padà ní èjì ti ìṣísẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Báyìí, ẹni tí ó lu ẹ̀ẹ̀mejì ni a gbọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, kò sì sí ibi tí ohùn méjèèjì ti forí gbárí. Bí orin bá ń rin ìṣísẹ̀ 120 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, kíkà mẹ́ta sì jẹ́ 375 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Àṣírí ọ̀pọ̀ orin tí ó ń ya àwọn ọ̀dọ́ wa lẹ́nu kò ju èyí lọ. Ọwọ́ olórin náà kò yá tó bí wọ́n ti rò. Ẹ̀rọ ni ó ń kún àyè tí ó fi sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀bùn tí a gbọ́dọ̀ wò lára irú olórin bẹ́ẹ̀ ni bí ó ti mọ àyè fi sílẹ̀ tó. Ẹni tí ó bá kún gbogbo kíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra rẹ̀, tí ó sì tún tẹ ẹ̀rọ, ń bá òjìji ara rẹ̀ jà ni.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ìtàn rẹ̀ wúlò fún wa níhìn-ín. Robert Fripp, tí ó ń ta gìtá, ti jókòó pẹ̀lú Brian Eno ní ọdún 1972, wọ́n so ẹ̀rọ téèpù Revox méjì pọ̀, téèpù kan náà ń gba inú méjèèjì kọjá, gìtá kan sì di ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ní ọdún 1973 ni àwo tí ó ti inú rẹ̀ wá jáde. Ó dùn ní ọ̀nà tirẹ̀, bí ìkùukùu ti ń dùn ún wò, ṣùgbọ́n kò ní ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ tí yóò dìde. Nígbà tí ó di ọdún 1981, ní inú àwo tí ẹgbẹ́ King Crimson pè ní Discipline, Fripp ṣe ohun mìíràn. Ó mú ẹni kejì tí ń ta gìtá, Adrian Belew, wọ́n sì pín ohùn láàárín ara wọn bí àwọn onílù ti ń pín in. Tony Levin sì ń fi ìka lu Stick lábẹ́ wọn, kódà ohùn Stick náà ni ó ṣí àwo ọ̀hún. Èyí ní ẹsẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó ṣẹlẹ̀: ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ó lè sọ ọ́ di púpọ̀, nígbà tí ó fẹ́ orin tí yóò rìn, ènìyàn ni ó lọ wá. Àwọn fúnra wọn kò fi pamọ́ pé ìlù àwọn ará Indonéṣíà tí a ń pè ní gámẹ́lánì wà ní ọkàn wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ wa ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí, wọn ì bá ti rí ohun kan náà.

Ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Àjèjì kọ́ ni Ìkẹjà sí irú ohun èlò báyìí. Ní ọdún 1973 ni Ginger Baker, onílù ará Ìlú Ọba, ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan ní Ìkẹjà, ní ọdún kan náà ni Paul McCartney sì ya ibẹ̀ láti gba orin kan sílẹ̀. Ìkẹjà náà ni Fẹlá gbé Afrika Shrine rẹ̀ wá nígbà tí ó ṣe. Lẹ́yìn tí ó kú ní ọdún 1997, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣí èyí tuntun ní Agídíngbí ní ọdún 2000. A kò ní yẹ ìwà ibẹ̀ wò; orin ni à ń sọ. Nínú ẹgbẹ́ Fẹlá, ẹnìkan wà tí ń ta gìtá ténọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kí ó di ìlà kúkúrú kan mú, kí ó má sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò fetí sílẹ̀ yóò sọ pé ẹ̀rọ lè ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó fetí sílẹ̀ yóò gbọ́ bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń rọ̀ nígbà tí akọrin bẹ̀rẹ̀, tí ó sì ń le nígbà tí fèrè wọlé.

Ṣùgbọ́n nínú jùjú ni ẹ̀rí wa pọ̀ sí jù lọ. Ní àwọn ọdún 1930, ní ìgbà Túndé King, ẹgbẹ́ jùjú kò ju ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ: ẹni tí ń kọrin tí ó sì ń ta okùn, onísẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹni tí ń lu jùjú, àti ẹni tí ń gbè. Nígbà tí ẹ̀rọ amóhùngbòòrò dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, okùn kò bẹ̀rù ìlù mọ́, gángan sì rí àyè wọlé. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ ti ń gbòòrò, títí tí King Sunny Adé fi ń kó nǹkan bí ogún ènìyàn lọ sí òkè òkun pẹ̀lú African Beats. Gìtá wọn ju mẹ́ta lọ, kò sì sí ọ̀kan tí ń sọ odindi ọ̀rọ̀. Ọ̀kan sọ ìdajì, èkejì parí rẹ̀, ẹ̀kẹta dákẹ́ títí àwọn méjèèjì yóò fi ṣe tán. Lórí wọn ni Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ń fa ohùn gìtá onírin rẹ̀ gọọrọ bí ẹni pé ó ń fi òróró pa wọ́n.

Ní ọdún 1982, ilé-iṣẹ́ Island ti Chris Blackwell gbé àwo Juju Music jáde fún gbogbo ayé, Martin Meissonnier ará Faransé ni ó sì darí iṣẹ́ náà. Island yìí ni ó ti ta orin Bob Marley, Blackwell fúnra rẹ̀ sì dàgbà ní Jàmáíkà, níbi tí King Tubby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ gbohùngbohùn di iṣẹ́ ọnà ní àwọn ọdún 1970: wọn a yọ ohùn akọrin kúrò nínú orin, wọn a fi ìlù àti ohùn ìsàlẹ̀ sílẹ̀, wọn a sì máa ju ìró kan sínú ẹ̀rọ nígbà tí ó bá wù wọ́n. A gbọ́ ipa rẹ̀ nínú àwo Sunny, pàápàá nínú èyí tí a pè ní 365 Is My Number/The Message. Mo kà á sí ọ̀kan nínú ibi tí a ti lo ẹ̀rọ yìí dáradára jù lọ nínú orin wa, ìdí rẹ̀ sì ni pé a kò fún un ní iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn onígìtá àti àwọn onílù pé sí ẹnu iṣẹ́ wọn, ìrìn orin náà dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Gbohùngbohùn kàn wọlé bí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé láti ojú fèrèsé, ó jáde, orin kò sì ṣubú. Nínú Synchro System ti ọdún 1983, ẹ̀rọ pọ̀ sí i. Nínú Aura ti ọdún 1984, tí ó jẹ́ ẹ̀kẹta àti ìkẹyìn tí Island tẹ̀, ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì rò pé ìrìn náà dára sí i. Ìlù ẹ̀rọ inú rẹ̀ le, ó pé, ó sì mú kí àwọn ènìyàn tí ó yí i ká dà bí àlejò ní ilé ara wọn.

Èdè wa fún wa ní ọ̀rọ̀ kan tí a lè fi ṣe ìdájọ́ níhìn-ín. A ní ẹ̀rọ náà ń dá ohùn padà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá so ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pọ̀ bí ènìyàn ti ń so ó lẹ́nu, tí a ní ó dáhùn, a ti purọ́. Ẹni tí ó dáhùn ti gbọ́ ohun tí a sọ, ó ti rò ó, ó sì ti mọ ẹni tí ó sọ ọ́. Omele a máa dá ohùn kan náà padà láti ìrọ̀lẹ́ dé òwúrọ̀, ṣùgbọ́n ó ń dáhùn: bí ìyáàlù bá yára, ó yára, bí ẹsẹ̀ oníjó bá wúwo, òun náà a tẹ ọwọ́ mọ́lẹ̀, bí ìyáàlù bá ṣì, a dúró ṣinṣin títí ìyá rẹ̀ yóò fi rí ọ̀nà ilé. Ẹ̀rọ kò mọ ọ̀kankan nínú wọ̀nyí. Bí ọwọ́ olórin bá yára díẹ̀, ẹ̀rọ yóò máa bá àkókò tirẹ̀ lọ, bí àwọn ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà ti ń bá tiwọn lọ ní òru tí gbogbo wa ń sùn. Olórin náà ni yóò padà tẹ̀ lé e. Nígbà náà, ta ni ọ̀gá nínú àwọn méjèèjì? Mo ti wo àwọn ọ̀dọ́ tí ń lu okùn pẹ̀lú ẹ̀rọ yìí, mo sì rí i lójú wọn pé ẹ̀rọ ni wọ́n ń gbọ́. Wọn kò gbọ́ àwọn tí ń jó, wọn kò sì gbọ́ ẹni tí ń kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ibi kan wà tí ọ̀rọ̀ náà le jù báyìí lọ, èyíinì ni ibi tí okùn bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé igbá kì í ṣe igba, ìgbà kì í sì í ṣe ìgbá. Ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Ẹni tí ó bá fi okùn sọ ìgbá, ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lù, lẹ́yìn náà òkè. Bí ẹ̀rọ bá dá a padà lẹ́yìn sílébù kan, ìsàlẹ̀ àkọ́kọ́ yóò bọ́ sí abẹ́ òkè, òkè nìkan yóò sì tún dún lẹ́yìn rẹ̀: etí kò gbọ́ ìgbá mọ́, kò sì gbọ́ ohun mìíràn tí ó ní ìtumọ̀. Bí ó bá dúró fún sílébù méjì, a gbọ́ ìgbá, ìgbá, kò sì sí ohun tí ó bàjẹ́. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ibi tí okùn bá ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró títí gbólóhùn yóò fi parí, bí elégbè ti ń dúró de ẹni tí ń lé orin. Ibi tí okùn kò bá sọ ọ̀rọ̀ kan, tí ó kàn ń di ìrìn mú bí gúdúgúdú, ẹ̀rọ lè pàdé rẹ̀ ní àárín ọ̀nà, kí ó dùn. Ọ̀pọ̀ nínú àṣìṣe tí mo gbọ́ ni pé a gbé iṣẹ́ gúdúgúdú fún ìyáàlù. Àwa ará Ìjọ kò tilẹ̀ gbọdọ̀ jẹ́ aláìbìkítà sí èyí, nítorí pé àwa ni a fi ọdún púpọ̀ kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ohùn orin òyìnbó tí ohùn rẹ̀ ń lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ sísàlẹ̀, títí T. K. E. Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Christ Church ní Èkó, fi kọ ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953 láti fi hàn pé ohùn èdè ni orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Ó ṣòro láti rí i kí a jáde nínú ìdàrúdàpọ̀ kan kí a sì fi owó ara wa ra òmíràn nínú àpótí.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ yóò sọ. Wọn yóò ní owó ni ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ń ṣe ìgbéyàwó kò lè san owó ènìyàn ogún mọ́. Ẹnìkan tí ó ní okùn mẹ́wàá àti àpótí kan yóò gba ìdá díẹ̀ nínú rẹ̀, yóò sì dé ní àkókò nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Èyí jẹ́ òótọ́, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu lásán bì í ṣubú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń gbé yàrá kan ní Onígbòǹgbò, tí ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní alẹ́, kò lè kó ẹgbẹ́ jọ, kò sì ní ibi tí wọn yóò jókòó sí. Ẹ̀rọ yìí ni ó jẹ́ kí ó ní orin rárá. Nítorí náà, n kò ní bá a wí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí owó náà ń rà lọ́wọ́ wa. Sunny Adé kọ́ iṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá kí ó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ebenezer Obey ti wà lábẹ́ Fatai Rolling Dollar kí orúkọ rẹ̀ tó jáde. Ọmọ tí kò tí ì mọ nǹkan a máa wọ ẹgbẹ́, a fún un ní ìlà kékeré kan tí kò gba ọgbọ́n púpọ̀, ó dì í mú fún ọdún kan, nígbà tí ó ń dì í mú ni ó sì ń gbọ́ bí gbogbo ilé ti dúró. Ìlà kékeré yìí gan-an ni ẹ̀rọ gbà ṣe. Kò gba iṣẹ́ ọ̀gá; iṣẹ́ ọmọ ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ó gbà. Ọ̀gá tí ó wà nísinsìnyí kò ní rí àdánù kankan. Ogún ọdún sí i ni a óò máa bèèrè ibi tí àwọn ọ̀gá wà.

Bí ó bá ṣe ti èmi ni, n óò fẹ́ kí olùkọ́ fi ọwọ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ rárá, iṣẹ́ náà kò sì gba owó. Ẹ mú kọ́nkọ́nkólo tí gbogbo wa mọ̀ láti ara agogo. Ẹ ka ení dé èjìlá, kí ẹ sì pàtẹ́wọ́ ní ení, ẹ̀ta, àrún, ẹ̀jọ àti ẹ̀wá. Ẹ pín kíláàsì sí méjì. Kí ẹgbẹ́ kìíní bẹ̀rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ kejì ṣe ohun kan náà gan-an, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi kíkà mẹ́ta pẹ́ sí wọn. Pàtẹ́wọ́ wọn yóò bọ́ sí ẹ̀rin, ẹ̀fà, ẹ̀jọ, ọ̀kànlá àti ení. Wọn yóò forí gbárí ní ení àti ní ẹ̀jọ, ìrìn náà yóò sì wúwo ní ibi méjèèjì. Lẹ́yìn èyí, kí ẹgbẹ́ kejì fi kíkà mẹ́fà pẹ́. Wọn yóò bọ́ sí èje, ẹ̀sán, ọ̀kànlá, èjì àti ẹ̀rin, kò sì ní sí ibi kan tí ọwọ́ méjì ti pàdé. Nínú kíkà méjìlá, mẹ́wàá ti kún. Ẹ̀fà àti èjìlá nìkan ni ó ṣófo, wọ́n sì dojú kọ ara wọn bí ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn. Bí kíkà méjìlá bá gba ìṣẹ́jú-àáyá méjì, ìṣẹ́jú-àáyá kan ni a óò fi ẹ̀rọ sí láti ṣe bákan náà lórí okùn. Bí a bá sì jẹ́ kí ohùn padà lẹ́ẹ̀kejì, yóò bọ́ sí orí ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́ nígbà tí a bá tún yí i ká, kò ní dà á rú.

Nígbà tí mo fi èyí hàn àwọn ọmọ ní ilé-ìwé wa, ẹgbẹ́ kìíní sáré nígbà tí inú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, bí ọmọdé ti máa ń ṣe. Ẹ̀rọ ì bá ti fi wọ́n sílẹ̀ lójú kan náà. Ẹgbẹ́ kejì sáré tẹ̀ lé wọn láìsí ẹni tí ó sọ fún wọn, ọmọkùnrin kan tí ó jókòó létí fèrèsé, tí n kò tilẹ̀ fi sí ẹgbẹ́ kankan, sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ ní èjìlá.